Ohun Tí Ìyá Mísbáù Ní Kí N Bá Òun Sọ

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ashaiman, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó tún sá. Ẹ̀rù àtidákẹ́ ti wá ju ẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ lọ. Èmi Afeefah ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra, tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Èmi àti Afua, olórí wa, la máa ń wá kọ́ àwọn ọmọ yín ní sáyẹ́ǹsì àti ìtọ́jú ara lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ ń pè mí ní "Dókítà wa", inú mi sì máa ń dùn. Dókítà wo?

Lọ́jọ́ tí a kọ́ wọn nípa ẹ̀jẹ̀, a fẹ́ gún ìka wọn kí kálukú lè mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní. Èmi ló yẹ kí n kó abẹ́rẹ́ wá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo gbàgbé páálí rẹ̀ sínú ọkọ̀ èrò, tírótírò, ní ibùdókọ̀ Circle, ẹyọ kan péré ló kù nínú àpò mi. Ká ní mo sọ fún Afua ni, ọjọ́ mìíràn là bá ṣe é, kò sóhun tí ì bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Àwọn ọmọ ti tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Afua sì wà ní kíláàsì kejì. Abẹ́rẹ́ kan náà ni mo fi gún wọn, mo kàn ń fi òwú àti sípíríìtì nù ún. Mo mọ̀ pé ìyẹn ò tó. Mo ti ṣe ìdánwò lórí ẹ̀, mo sì yege.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Fáòsíà tó ń ta ọṣẹ lọ́jà, ìyá Mísbáù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo gún, pè mí lórí fóònù. Kò gbọ́ Twi, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi nìkan ló gbójú lé. Ó ní, "Dókítà wa, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín. Ojú Mísbáù pọ́n, ìtọ̀ ẹ̀ náà pọ́n." Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀? Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, wọn á béèrè ibi tó ti kó àrùn náà.

Afua tó jókòó tì mí béèrè pé, "Ɔse deɛn?" Kí ni ìyá náà wí? Mo dá a lóhùn pé, "Ojú ọmọ ẹ̀ ló pupa. Apollo ni." Mi ò dárúkọ ìtọ̀. Afua ní kó máa fi omi tó mọ́ bọ́jú ọmọ náà, kó má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn lo táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ìyẹn ni mo túmọ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Fáòsíà dúpẹ́, ó gbàdúrà fún mi.

Ó bọ́jú ọmọ rẹ̀ títí ọmọ náà fi dákú. Mísbáù wà ní wọ́ọ̀dù báyìí. Àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn láti inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí. Ikùn rẹ̀ wú, kò sì dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́ lánàá. Mo bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo sì tún parọ́ mìíràn: mo ní mi ò gbọ́ Yorùbá rẹ̀ yé lọ́jọ́ yẹn. Fáòsíà gbá mi mọ́ra. Ó ní, "Má sunkún, ọmọ mi. Ghana ni wọ́n bí ẹ sí, báwo ni wàá ṣe gbọ́ gbogbo Yorùbá tán?"

Ìyá Mísbáù, mo gbọ́. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdajì pamọ́ ni.

Mo sọ fún Afua láàárọ̀ yìí. Kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Ta lo gún ṣáájú ọmọ yẹn? Ta lo gún lẹ́yìn ẹ̀?" Mi ò rántí. Ó ti lọ bá àwọn òbí tó gbọ́ Twi, èmi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá. Ẹ má tíì dárí jì mí, ìyẹn lè dúró. Ẹ kó gbogbo àwọn ọmọ náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lónìí, títí kan èyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójúde yín báyìí.