Irọ́ Tí Mo Kà Jáde Nínú Ìwé Mérì

Tonton Latifou, ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ má fà mí láṣọ. Ẹ̀yin olórí abúlé lẹ pè mí pé kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mérì, alákòóso ìlú wa, nítorí ẹ̀rọ ìlọ-èlùbọ́ tí wọ́n gbé wá fún wa lẹ́yìn ìyà Kòrónà. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀, mo sì ń sọ ọ́. Ẹ ti kọ ọ́ sára ẹ̀rọ náà pé Roukaya ni obìnrin tó pa òfin mọ́ nígbà àìsàn náà. Ẹ pa á rẹ́! Èmi kọ́ ni mo pa òfin mọ́. Èmi ni mo fi òfin ba ayé obìnrin kan jẹ́, òtítọ́ rẹ̀ yóò sì jáde lónìí, ẹ̀ báà fẹ́, ẹ̀ báà kọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ àáró wa. Obìnrin mẹ́sàn-án ni wá. Bí ọyẹ́ bá ti mú, a ó kóra jọ sí agbo ilé ẹnì kan, a ó bẹ iṣu rẹ̀, a ó bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, a ó sá a sóòrùn. Bó bá tán, ó di ilé ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti gba tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sá fún ti ẹnìkejì. Lọ́dún tí Kòrónà dé, èmi ni mo kọ́kọ́ gba àáró, Mounifatou ló sì kẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì ṣáájú. Ganiou, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, ti sọ fún un lójú wa pé, “Ìyàwó wa, bí iṣu ọdún yìí bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, màá gba oko ẹ̀gbọ́n mi.” Opó náà wa gbogbo iṣu, ó kó o jọ sábẹ́ igi, ó ń retí wa.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ mérì dé. Wọ́n kó ike omi wá, wọ́n kó ọṣẹ àti ìbòmú wá, wọ́n sì mú ìwé kan dání. Tonton, ẹ̀yin lẹ ní, “Roukaya, kà á fún wọn, mi ò mú awò mi wá.” Èmi nìkan ni mo gbọ́ Faransé nínú àwọn obìnrin komité tó ń ṣọ́ òfin àìsàn náà. Ìwé náà ní kò sí ìyàwó gbígbé, kò sí ìrun jímọ̀ọ̀, kò sí èrò lọ́jà. Nísàlẹ̀ pátápátá ó ní iṣẹ́ oko kò dúró o, kí àwọn tó ń ṣe é ṣáà jìnnà síra, kí wọ́n bo imú. Mo rí i. Ojú mi kò fọ́. Mo ká ìwé náà, mo ní, “Mérì ní kò sí àáró mọ́. Ẹni tó bá ṣe é, wọn yóò gbé e.”

Nítorí kí ni? Nítorí pé lọ́jọ́ àáró tèmi, Mounifatou gbé iṣu mi kan sókè, ó ní, “Tata, àǹtí mi, ṣé iṣu rèé àbí ọ̀dùnkún?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Háà, èmi àgbàlagbà! Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mi ò ní wá ìdí tó dára jù ú lọ fún yín.

Ó wá bẹ̀ mí. “Tata, ẹ jọ̀ọ́, òjò ti fẹ́ dé. Ẹ jẹ́ ká máa wá ní méjì-méjì.” Mo ní, “Ṣé èmi ni mo ṣòfin? Lọ bi mérì.” Ó ń dá bẹ iṣu títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ti abúlé Sanson wá ràn án lọ́wọ́. Ibi tí mo ti wá burú jù rèé. Mo gbé fóònù, mo pe àwọn komité, mo ní àwọn àlejò ń wúkọ́ nílé Mounifatou. Ẹnikẹ́ni kò wúkọ́. Wọ́n dé, wọ́n lé àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n da omi ìkòkò rẹ̀ nù, wọ́n ta okùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo dúró lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ ọ bó ti ń ké: “Ẹ jẹ́ n bẹ ìyókù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bẹ ìyókù!”

Lọ́jọ́ kẹfà tí wọ́n ta okùn náà, òjò dé. Èyí tó ti bẹ hu èébu, èyí tí kò tíì bẹ jẹrà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ di imú, ẹ ní Mounifatou ló kó àìsàn wá. Ganiou gba oko lóṣù yẹn gan-an. Mounifatou kó lọ sí Savè, ó ń fọṣọ fún ẹni ẹlẹ́ni.

Tonton, ẹ̀ ń mi orí. Nígbà tí ẹ rí awò yín, ṣé ẹ wá ka ìwé náà? Ìwé mérì kò lẹ́bi. Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò pín in fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má wò mí bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, torí gbogbo yín lẹ sọ lọ́jọ́ náà pé mo káre.

Dókítà ní Parakou ti sọ fún mi pé kókó tó wà lọ́mú mi ti kọjá ohun tí abẹ lè mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí Savè, mo kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo lè bí lọ́mọ, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò kígbe. Ó ní, “Tata, mi ò lè dárí jì yín. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti purọ́ náà, kí wọ́n dá oko mi padà.” Kò sọ pé kí n máa lọ dáadáa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ gbọ́ Faransé, bí wọ́n bá fún yín níwèé láti kà fún àwọn ìyá yín, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un kà.

Ganiou, gbójú sókè. Irọ́ mi lo fi gba oko, irọ́ náà sì ti tú. Mo gbọ́ pé o ti pe àwọn tí yóò kọ ebè fún ọ lọ́la. Kí ilẹ̀ tó mọ́, màá ti tẹ́ ẹní mi sáàárín oko Mounifatou, màá sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi dé láti Savè. Ẹni tó bá ní ọkọ́ lọ́wọ́, kó wá kọ ebè lé mi lórí.