Ìyálé Kàmíọ̀

Ẹ gbé omi yín padà, Ìyá Ládiípọ̀, òùngbẹ kọ́ ló gbé mi láti Pobè wá sí Issaba! Ẹ má sọ pé kí n kọ́kọ́ jókòó kí n mí. Mo ti jókòó, àbí ẹ ò rí mi ni? Ẹ wo ẹsẹ̀ mi, ẹ wo amọ̀ dúdú tó dé orúnkún. Àkùkọ ìdájí ló bá mi lọ́nà, ẹ̀yin ni wọ́n sì bí ṣáájú ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ kó èèyàn wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, nítorí náà ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ ọ. Augustin ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri Pobè! Ẹ forí jì mí, mo pe orúkọ ọkọ mi gbàgà. Inú ló ń bí mi. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti wà nílé yín, n kò pè é rí.

Nítorí kí ni? Nítorí kàmíọ̀! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, gbogbo ayé ló ń rẹ́rìn-ín. Ká ní obìnrin ni, mo mọ ibi tí ǹ bá ti dì í mú. Irin ni! Ọkọ̀ akẹ́rù ayé ogun Hítílà tí àwọn òyìnbó pa tì sínú igbó Takon, tí igi hù gba inú rẹ̀ jáde, tí àparò ń yé ẹyin síbi tí awakọ̀ ń jókòó. Òun ni àbúrò yín rí tí ojú rẹ̀ là bí ojú ẹni tó rí àfẹ́sọ́nà. Ó ní òun á jí i dìde. Mo ní, ṣé ká lè máa fi kó ẹkùrọ́ ni? Ó ní rárá, kò ní kó ẹrù kankan, òun kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ o! Ọkùnrin tó ń wọn ẹkùrọ́ fún olówó láti àárọ̀, tí á délé, tí á tún bọ́ sábẹ́ irin títí oòrùn á fi wọ̀. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀! Ó fẹ́ràn èmi bẹ́ẹ̀ rí? Mò ń bi yín.

Ẹ má sọ pé mo dúró tí mo káwọ́ gbera o. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ yé yín dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọgbẹ́ náà wà. Ọdún tí a gba òmìnira ló kó o ní wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀ láti Takon wá sínú abà kan létí ọ̀nà. Gbogbo irin tí wọ́n fi de ara rẹ̀ pọ̀ tó ti dípẹtà, ńlá wọn, kékeré wọn, èmi ni mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi ń dán. Ẹ wo ìka mi, ọsàn ti bó o. Ìró aláró tí ìyá mi fi sìn mí wá sílé ọkọ, ó fà á ya, ó fi nu epo. Mo bínú? Mo bínú. Ó wá fi ọwọ́ dúdú yẹn dì mí léjìká mú, ó ní, "Marguerite, ọjọ́ tí kàmíọ̀ yìí bá kọ́kọ́ jáde, ìwọ ni wàá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwa méjèèjì la jọ máa wọ Sakété." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi gbé ọdún mẹ́ta. Tí ọsàn bá ta mí lọ́wọ́, màá rántí rẹ̀, ara á sì tù mí. Òmùgọ̀ ni mí!

Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bí a ti ń bọ́ bàtà kí a tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, bẹ́ẹ̀ náà ló ń bọ́ bàtà kó tó gun kàmíọ̀. Á mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, á fi orí rẹ̀ kan ẹ̀rọ, á fi etí sí ìdí rẹ̀, á di ojú. Ó ní òun ń gbọ́ mímí rẹ̀! Kàmíọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti fò dìde lórí oúnjẹ. Èmi wúkọ́ ní gbogbo oṣù ọyẹ́ tó kọjá, Ìyá Ládiípọ̀, mo wúkọ́ títí ìhà ń dùn mí, ó ní kí n kọjú sí ògiri kí òun lè sùn.

Mo sì fara dà á. Ìjókòó iwájú ni mo ń wò.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ gbé e dé Sakété kí òun dán an wò kí àjọ̀dún òmìnira tó dé. Mo wẹ̀, mo fi àtíkè sára, mo wé gèlè tí n kò wé rí. Mo jáde. Ta ni mo bá níwájú? Berthe! Berthe aránṣọ tó ti Porto-Novo dé lọ́dún tó kọjá, òun ló rán awọ ìjókòó kàmíọ̀. Ọjọ́ méjì péré ló fi rán an! Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó na ìgbọ̀nwọ́ síta. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wo ilẹ̀. Ó ní kí n má bínú, ẹni tó rán ìjókòó ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó sí i kó lè mọ ibi tó ti fún. Ó ní ẹ̀yìn fẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn fẹ̀! Èmi, lórí pákó, láàárín ewúrẹ́ méjì tí Súbérù oníṣòwò ní kó bá òun gbé lọ Sakété! Kàmíọ̀ tí kò ní kó ẹrù! Àbí ewúrẹ́ kì í ṣe ẹrù mọ́ ni?

Mo gùn ún o. Kí ni ǹ bá ṣe, kí n sunkún lójú pópó? Ihò kan wà lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ojú ihò yẹn ni mo gbà ń wo ẹ̀yìn orí Berthe láti Pobè dé Sakété. Berthe á sọ̀rọ̀, ọkọ mi á rẹ́rìn-ín. Á tún sọ̀rọ̀, ọkọ mi á tún rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. Ariwo ẹ̀rọ kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyẹn ló ń pa mí. Kí ló sọ? N kò rí ohun tó pa ọkọ mi lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún tí a ti jọ wà.

Kí lẹ wí? Ta ló sọ fún yín? Ó dáa, òótọ́ ni, èmi ni mo bu omi sí kàmíọ̀ lẹ́sẹ̀! Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti abà wá sílé, àwọn obìnrin agbo ilé ní ìyàwó dé, ìyàwó dé, kó tó wọlé, mo gbọ́dọ̀ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé korobá, mo da omi sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe fún ìyàwó tuntun, mo tún kí i káàbọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe! Ta ló mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ á di òótọ́? Láti ọjọ́ náà, Ìyálé Kàmíọ̀ ni wọ́n ń pè mí lójú kànga. Tí mo bá sì fẹjọ́ sùn ún, àbúrò yín á ní, "Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó, kí lò ń jowú sí?" Wọ́n ní obìnrin tí kò ní orogún kì í mọ àrùn owú. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, irin olóríi gbọọrọ ló kọ́ mi! Kí òun náà má sì yọ̀ jù. Mo gbọ́ pé òkú kàmíọ̀ mìíràn wà ní Ita-Djèbou, ọkọ mi sì ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ọ̀la ni àjọ̀dún, ṣé ẹ mọ̀. Kàmíọ̀ ọkọ mi ló máa ṣáájú àwọn tó ń yan kọjá níwájú ilé kọ̀máńdà, aláṣẹ agbègbè, ní Sakété, gbogbo ayé á máa wò ó. Berthe ti rán aṣọ tó bá àwọ̀ ìjókòó mu! Mo fojú ara mi rí i lórí okùn ìsáṣọ. Ṣé kí n tún gun ẹ̀yìn ni? Kí àwọn ará Sakété tí wọ́n mọ̀ mí láti kékeré máa wò mí lórí pákó?

Ẹ tú ẹrù yẹn wò. Ẹ tú u, gààrí nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ó wúwo, àbí? Mànífẹ́lì ni wọ́n ń pè é, irin wíwọ́ tí wọ́n ń kì bọ imú kàmíọ̀ tí wọ́n á fi yí i kó tó jí. Láìsí i, òkú ni. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní Pobè, kò sí ní Sakété. Ẹ má pariwo mọ́ mi. Mo jí i, bẹ́ẹ̀ ni, mo fi Ọlọ́run búra pé mo jí i, mo sì rù ú dé ibí.

Ta ló ń tẹ aago kẹ̀kẹ́ níta yẹn? Basile! Aládùúgbò wa ni, ẹ jẹ́ kó wọlé. Basile, ta ló rán ọ? Augustin? Mo sọ ọ́! Ìyá Ládiípọ̀, ṣé ẹ rí i? Mo mọ̀ pé tó bá jí tí kò bá mi lórí ẹní, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀. Máa wí, Basile. Ó ń sáré kiri. Ó ti wọ gbogbo ilé àdúgbò. Omi ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ ò rí i! Ó ní kí o wá bi ẹ̀gbọ́n òun bóyá wọ́n rí kí ni?

Mànífẹ́lì.

Mànífẹ́lì nìkan? Wò mí dáadáa, Basile. Kò sọ pé ìyàwó òun náà ò sí nílé? Kò sọ ọ́. Ó ká ẹní tí mo fi sílẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, irin ló ń wá níbẹ̀.

Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyá Ládiípọ̀, ẹ má bẹ̀ mí. Basile, padà, yára gun kẹ̀kẹ́ rẹ. Sọ fún un pé o ti rí irin náà, ó wà lórí itan obìnrin kan ní Issaba. Tó bá bi ọ́ pé obìnrin wo, kó fi ẹsẹ̀ rìn wá bí mo ti rìn, a jọ máa padà, iwájú ni màá sì jókòó sí lọ́la, kí Berthe wá ibi jókòó. Ṣùgbọ́n tí kò bá béèrè, Basile, kànga wà lẹ́yìnkùlé yìí, ó jìn, irin kì í sì í léfòó.