Ààwẹ̀ tí Mo Gbà Sórí Bàbá Lámídì

Ẹ bá mi gbé Jésù ga, ẹ̀yin ará! Ẹ pariwo rẹ̀ fún mi, ohùn tèmi ti rẹ̀. Ọmọ mi kò padà wálé, ṣùgbọ́n Ó yọ mí.

Ẹ mọ̀ mí n'Ísẹ́yìn níbí, èmi ìyá arúgbó tó ń rànwú lọ́nà odò. Àkànjí nìkan lọmọ tó kù fún mi. Nígbà ogun àwọn òyìnbó, àkódà wá sí agboolé wa, ó ní ká mú aláàárù kan wá tí yóò máa ru ẹrù ogun. Àkànjí ń ti oko bọ̀, ọkọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. Bàbá Lámídì, àbúrò olóògbé ọkọ mi, tó jẹ́ baálé wa, nawọ́ sí i. Mo sáré wọlé, mo fa ògbólógbòó aṣọ òkè bàbá rẹ̀ ya, mo ká a ní òṣùká fún un.

"Ìyá, ẹ má sunkún, ẹrù lásán ni." Ó lọ.

Lẹ́yìn ọdún kan, ẹni tí wọ́n jọ ru ẹrù mú òṣùká náà dé. "Ibà ni, Ìyá. Ẹ̀bá ọ̀nà la sin ín sí."

Mi ò sunkún. Nígbà tí Lẹ́ńtì dé, mo gbààwẹ̀ kíkan. Omi nìkan, títí oòrùn á fi wọ̀. Gbogbo yín ń yìn mí. Tíṣà ìjọ wa wá kí mi nílé.

"Ìyá, ẹ ti rù jù. Kí lẹ ń tọrọ?"

"Kí Ọlọ́run pa Bàbá Lámídì ni."

"Ìyá, ẹ lọ jẹun."

Mi ò jẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí a ń rántí ikú Olúwa, tíṣà ka ìwé fún wa. Ọkùnrin kan ń ti oko bọ̀, àwọn ọmọ ogun mú un tipátipá, wọ́n gbé àgbélébùú Jésù rù ú. Mo dìde.

"Tíṣà, ọkùnrin yẹn, ṣé ó padà délé?"

"Ìwé ò sọ, Ìyá."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwé ò sọ." Ó wolẹ̀. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé Jésù wà lójú ọ̀nà náà pẹ̀lú rẹ̀."

Ìgbà yẹn lẹkún tó bọ́. Àkànjí mi kò dá nìkan rìn. Olúwa, o ṣeun. Ojú sì tì mí. Ẹni tí wọ́n kàn mọ́gi tọrọ ìdáríjì fáwọn tó kàn án, èmi ń fi ààwẹ̀ rẹ̀ wá ikú èèyàn.

Mo délé, mo bu omi tútù, mo gbé e síwájú Bàbá Lámídì. Kò lè gbà á.

"Ìyá Àkànjí, inú àká ni mo fi Lámídì ọmọ mi pamọ́ sí lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀. Ẹ mu omi."

Ó gbà á, ó mu ún. A jọ sunkún.

Mo ṣì ń sunkún ọmọ mi. Àná pàápàá, mo sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú ẹnikẹ́ni kò sí nínú àdúrà mi mọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ tún bá mi dúpẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbààwẹ̀ sórí ẹnìkan lónìí, ẹ tẹ̀ lé mi lọ sílé, iṣu wà lórí iná. Ẹ jẹun ná. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi lọ fún un.