Pátákó Tí Mo Fi Gba Ojú Lọ́wọ́ Àwòrán

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ọ̀gá ilé àwòrán, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àlejò, mo júbà. Tíṣà tí ẹ kọ́ arúgbó bíi tèmi ní ìwé kíkà, ẹ kú sùúrù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀: àkọ́bí mi bí ìbejì, àbúrò rẹ̀ gbéyàwó, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ti ń sáré kiri ilé. Iṣẹ́ ọmọ títọ́jú ń dúró dè mí nílé, ni mo ṣe ń fẹ̀yìn tì lónìí.

Iṣẹ́ mi níbí ni kí n jókòó, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àwòrán. Ẹni tó bá jókòó pẹ́ á mọ ibi tí ojú èèyàn ń sáré lọ. Á kọ́kọ́ lọ síbi tó mọ́lẹ̀, á bà lé àwọ̀ pupa, lẹ́yìn náà á wá ojú èèyàn bíi tirẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń bá ìyá inú àwòrán odò ńlá tí mò ń ṣọ́ pàdé: ìyá kékeré ní igun ìsàlẹ̀, ìborùn pupa léjìká, omijé lójú. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ á dúró wò ó.

Nígbà tí mo wá mọ̀wé, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bẹ Ọ̀gá kí a kọ ìtàn odò náà gàdàgbà sí pátákó funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yìí. Káfíńtà wa ní, "Ìyá, pátákó yìí mà fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó àwòrán!" Mo ní, "Kàn án jàre! Ṣé ìwọ lo máa bá mi kà á ni?" Ó kàn án. Láti ìgbà náà, pátákó ni wọ́n ń kà; wọn a mi orí, wọn a kọjá. Èmi gan-an ńkọ́? Bí mo bá débẹ̀, lẹ́tà ló ń fa ojú mi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ọ̀gá, ẹ ní kí wọ́n gbé àwòrán náà lọ sí yàrá ẹrù lọ́la, torí ẹnikẹ́ni kì í dúró wò ó mọ́. Mo kúnlẹ̀, àwòrán kọ́ ló ṣẹ̀. Lánàá, ọmọ-ọmọ mi tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B sáré kọjá pátákó, ó nawọ́ sí igun: "Ìyá àgbà, ta ló na ìyá aláṣọ pupa?" Ẹ fún ìyá náà lóṣù kan sí i. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dúró, ẹ gbé e, màá gbà pé ọwọ́ mi ló ṣe é.

Ojú yín ò ní fọ́. Ohun rere ò ní kọjá níwájú yín kẹ́ ẹ má rí i. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tí ẹ wò mí láìsí àkọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Káfíńtà, ọmọ mi, ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Yọ pátákó náà, kàn án sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n kà á tán kí wọ́n tó wọlé, kó o sì ra gílóòbù iná sí igun ìyá náà. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ Tíṣà: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.