Agbọ́n Tó Kọ́lé Lókè Ààrò Màmá

Mo bi Bàbá àgbà mi ní Ìmàṣàyí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń wo kòkòrò láti èwe, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Èsì wọn nìyí.

Ìgbà tí orúnkún mi ṣì ń gbé mi sáré... gbọ́, ọmọ mi, agbọ́n kan wà tó ń fi amọ̀ kọ́lé sókè ààrò Màmá. Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha á kúrò. Wọn a tún da omi sí ìdí àmù, kí agbọ́n lè rí ẹrẹ̀ mú. Ìrọ̀lẹ́ tútù, èéfín ń rọra gòkè, wàá máa gbọ́ ọ: hùùù... bí ẹni ń kọrin lójú oorun.

Màmá kọ́ ló bí mi o. Àbúrò ìyá mi ni. Ìyá mi kú, wọ́n gbé mi wá láti Ìpòkíà. Màmá ò bímọ. Wọn a ní agbọ́n náà ò bímọ, pé ọmọ kòkòrò mìíràn ló ń gbé wọlé, tó ń kọrin sí i létí pé, "Jọ mí, jọ mí," títí yóò fi di agbọ́n. Wọn a wá fọwọ́ pa mí lórí. Ṣé mo lè má gbà á gbọ́?

Ṣùgbọ́n ó ń wù mí kí n rí i. Lọ́jọ́ ọjà kan, mo gun àpótí, mo fi ọ̀bẹ ṣí ilé náà. Kòkòrò ewé mẹ́rin sùn síbẹ̀, wọn ò kú, wọn ò lè rìn. Ọmọ agbọ́n funfun kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọ̀kan, ó ń jẹ ẹ́.

Oúnjẹ ni wọ́n gbé kòkòrò wá ṣe. Kí wá ni wọ́n gbé èmi wá ṣe?

Nígbà tí Màmá dé, n ò lè jẹun. Wọ́n bi mí títí, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ń ko iná, wọ́n ní:

"Àkànní, èmi ò mọ ohun tí agbọ́n ń sọ. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pé kí o jọ mí."

Wọ́n fa àpótí. "Gùn ún. Ṣí òmíràn, kí èmi náà wò ó. Má ṣubú lé mi lórí o."

Wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú. A wò ó pẹ́. Wọ́n bi mí bí agbọ́n ṣe ń ta àwọn kòkòrò náà tí wọn ò fi kú. Títí dòní, n ò mọ̀ ọ́n tán... Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti oko dé, wọn a ní kí ni mo rí lónìí. Ṣé ẹni tí wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀ lè ṣíwọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù á sọ orúkọ kòkòrò, ẹ ti kọjá lọ. Orúkọ dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi yín pé kí lẹ rí? Bí ọmọ bá sáré wọlé wá ròyìn fún ọ, má ní ọwọ́ rẹ dí. Jókòó tì í.

Ẹni tó ń bi mí ti lọ tipẹ́... mo ṣì ń kọ ọ́, bí ẹni tí wọ́n ń retí nílé.