Òfin Oṣù Mẹ́ta Tí Mo Fi Lé Ìyá Mi Lọ Láti Ṣókótó

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, nílé àti lókè Ọya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri. Mo parọ́ mọ́ ìjọba. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ni mo parọ́ náà fún, irọ́ ọ̀hún sì di òfin mọ́ àwọn ará ìlú mi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Láti ọjọ́ náà ni ara ti fúyẹ́ mi, tí mo ń jẹun, tí mo ń sùn. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kan tí n kò tíì sọ fún, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé sí yín.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ọkọ mi ń ta obì ní ọjà Kasuwar Kara níbí ní Ṣókótó, èmi náà ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ níwájú ilé wa lẹ́bàá ẹnubodè Kofar Marke. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, Ràímì, ìyá mi wá láti ilé láti wá wẹ ọmọ. Inú mi dùn débi pé mo sunkún nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé wọ́n hùwà búburú sí mi. Ire ni wọ́n ṣe. Wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n fi omi gbóná tẹ̀ mí níkùn, wọ́n se ọbẹ̀ tí mo fi sanra. Ṣùgbọ́n ogójì ọjọ́ pé, wọn ò lọ. Ọmọ jókòó, wọn ò lọ. Ọmọ ń rá, ìyá mi ṣì wà pẹ̀lú wa.

Wọ́n a máa bá mi jókòó nídìí ọjà. Ẹni tó bá ra òwú ẹyọ kan, wọ́n á fi ènì méjì sí i. Èmi á ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ènì yìí ti pọ̀jù." Wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìgbà wo lo di ahun?" Níwájú oníbàárà ni wọ́n á ti sọ ọ́ o.

Nínú èdè Hausa, wọn ò gbọ́ ju "sánnu" lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹn tó wọn lò. Ọkùnrin tó bá ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á dá a dúró: sánnu, sánnu, sánnu. Ẹ sì mọ̀ pé Hausa kì í jẹ́ kí ìkíni ṣubú, ọkùnrin náà á máa dá wọn lóhùn. Wọ́n á sọ Yorùbá, á sọ Hausa, ẹnì kan ò gbọ́ ti ẹnì kejì, inú àwọn méjèèjì á sì máa dùn. Oníbàárà mi á wà lórí ìdúró.

Ẹ má bínú, ó sú mi. Mo fẹ́ kí ilé mi padà di tèmi.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kò lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó tó àkókò láti lọ. Wọ́n á ní mo lé ìyá mi. Àṣà wa sì ni pé ìyá tó wá wẹ ọmọ kì í dá di ẹrù ara rẹ̀. Bàbá ọmọ ni yóò ra aṣọ fún un, tí yóò ní, "Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà, àwọn ará ilé ń retí yín." Bí ìyá bá dá ẹrù dì, gbogbo ayé á ní àna rẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Mo yọ́ ọ sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Èmi? Kí n lé ìyá ìyàwó mi? Láéláé!" Ó fẹ́ràn wọn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń jẹ obì nírọ̀lẹ́.

Ọkọ mi a máa gbé obì lọ sí Kọ́ní, ní ilẹ̀ àwọn Faransé, kò jìnnà sí wa. Ọjọ́ kan ó dé láti ibẹ̀, ó ń ròyìn fún wa. Ó ní ará Ìlọrin kan tó ń gbé lọ́hùn-ún ni àwọn òbí rẹ̀ wá kí, àwọn Faransé sì fún wọn ní ìwé àṣẹ pé oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n lè lò gẹ́gẹ́ bí àlejò. Bó bá ti pé, ọlọ́pàá á wá wò ó bóyá wọ́n ti lọ. Ìyá mi pariwo. Wọ́n ní, "Kí èèyàn wá wo ọmọ rẹ̀, kí ìjọba máa ka oṣù sí i lọ́rùn? Ayé mà ti bàjẹ́ o!" Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti ń ro nǹkan.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ọkọ mi ti lọ sí Kara, mo jókòó ti ìyá mi. Mo ní, "Ìyá, n kò fẹ́ dẹ́rù bà yín lánàá ni. Òfin yẹn ti dé Ṣókótó náà. Òbí tó bá wá kí ọmọ, oṣù mẹ́ta ni."

Ìyá mi fa Ràímì mọ́ra. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Èmi tí mo ti lò jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Ta ni wọ́n máa mú?"

Mo ní, "Èmi ni, Ìyá."

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé Ràímì lé mi lọ́wọ́, wọ́n dìde, wọ́n tẹ́ aṣọ òfì wọn kan sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.  Mo ní kí wọ́n má sọ òfin náà létí ọkọ mi, kó má lọ bá ìjọba jà. Mo sọ fún ọkọ mi pé àárò bàbá mi ló ń sọ wọ́n. Wọ́n bá lọ́rì lọ sí Gúsáù láti wọ ọkọ̀ ojú irin.

N kò ní tàn yín, inú mi dùn. Mo ta òwú mi láìsí ènì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan dúró nígbà tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó fi Hausa bèèrè pé ìyá àgbà dà. Mo ní wọ́n ti lọ. Ó ní "Kái!", ó mi orí, ó kọjá. Láti ọjọ́ náà kò tún dúró kí mi mọ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Kò tán o. Ìyá mi dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sọ òfin Ṣókótó fún gbogbo agbo ilé. Wọ́n sọ ọ́ lójà, wọ́n sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Nígbà tó yá, kò sí òbí kan tó ti ọ̀dọ̀ wa wá kí ọmọ ní Ṣókótó tí kì í di ẹrù bí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ. Ọkọ mi gbọ́, ó bi mí léèrè. Mo ní èmi náà gbọ́ ọ lọ́jà ni. Ó ní, "Òyìnbó! Kí ni wọn ò lè ṣe?" Mo bí ọmọ kejì, ìyá mi wá, wọ́n di ẹrù lásìkò, wọ́n lọ. Mo ń wò wọ́n ni.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Ìyá Sẹ̀lí, ará ìlú mi, ní Sama Road ló ń gbé. Bàbá rẹ̀ wá kí i. Arúgbó ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn Ṣókótó, wọ́n fẹ́ràn àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Nígbà tí oṣù kẹta pé, ara wọn ò yá, òjò sì ń rọ̀ gan-an. Ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n dúró. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọlọ́pàá mú ọmọ àwọn. Wọ́n lọ nínú òjò náà. Ibà gbé wọn ṣánlẹ̀ lọ́nà, díẹ̀ ló kù, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Wọn ò tún wá mọ́ láti ìgbà náà. Ìyá Sẹ̀lí wá sọ́dọ̀ mi, ó ń sunkún, ó ní, "Ìyá Ràímì, irú ìjọba wo rèé?" Ẹ̀yin ará, èmi ni mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èmi! Mo ní kó fara dà á.

Bàbá mi kú. Ó wá ku ìyá mi nìkan nílé. Mo ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní, "Òfin ńkọ́?" Ó gún mi bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo tún bímọ, wọ́n wá. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń jókòó tì mí nídìí ọjà. Wọ́n ń fi ènì méjì sí i, n kò bá wọn jiyàn mọ́. Ọkùnrin onímọ́ṣáláṣí yẹn náà tún ti ń dúró. Bí mo bá ti rántí pé oṣù kẹta ń parí lọ, màá gbé oúnjẹ tì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti ìta wọlé, mo bá wọn nílẹ̀. Aṣọ òfì yẹn náà ni wọ́n tẹ́. Wọ́n ń di ẹrù.

N kò mọ ìgbà tí mo wólẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kò sí òfin. Kò sí i rí. Èmi ni mo parọ́."

Ìyá mi ò pariwo. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Mo gbójú sókè.

"Láti Gúsáù ni mo ti mọ̀. Mo ń bẹ akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì pé kó má fi mí sùn. Ọmọ Ọ̀fà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, 'Ìyá, òfin wo? Nàìjíríà kan náà ni. Ẹ lè gbé Ṣókótó títí ẹ ó fi hu eyín míì.' Mo sunkún díẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ṣí, ẹ̀rín ló ń pa mí."

Mo ní, "Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé èmi náà ò fẹ́ lọ? Bàbá rẹ ń dá sebẹ̀ nílé. Mo ń retí kí ọkọ rẹ ní kí n máa lọ, obì ló ń fún mi! Mi ò lè dá ẹrù dì. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ sọ irọ́ náà fún gbogbo ìlú?"

"Hẹn! Ṣé kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi máa pọn ọmọ ọlọ́mọ ní Ṣókótó títí ayé ni? Nígbà tí mo sọ òfin náà fún wọn, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún ìjọba."

Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu pẹ̀lú omijé. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n pé, bí wọ́n bá mọ̀ pé kò sí òfin, kí ni wọ́n tún ń di ẹrù fún.

Ìyá mi wo ẹrù náà. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ ò sí mọ́. Kò sí ẹni tó ń retí mi nílé. Mo ń dì í díẹ̀díẹ̀ ni, ìránṣẹ́ lo fi pè mí, mo ń wò ó bóyá wàá fi ẹnu ara rẹ ní kí n má lọ."

Ẹ̀yin òbí mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi tú ẹrù náà. Mo tẹ́ aṣọ òfì náà sórí ẹní wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn báyìí. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, ó ní, "Haba, Ìyá Ràímì!" Ó ní bí òun ti bú ìjọba tó nítorí mi, kí n wá bá òun bẹ ìjọba.

Ó wá ku Ìyá Sẹ̀lí, tí kò mọ̀wé kà; n kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ìyá mi ní kí n panu mọ́, kí n má ba òfin jẹ́ mọ́ àwọn ìyá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bàbá Ìyá Sẹ̀lí kò fẹ́ lọ nígbà náà. Wọ́n ti darúgbó gan-an báyìí, ọmọ wọn sì rò pé ìjọba ló gba bàbá òun lọ́wọ́ òun. Bí mo bá sọ fún un, ó lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Bí n kò bá sọ, bàbá náà lè kú láìtún fojú kan ọmọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?

Kí n tó rí èsì yín, ẹ̀yin òbí tí ẹ tìtorí mi di ẹrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Kò sí òfin kankan ní Ṣókótó. Ẹ wá bá àwọn ọmọ yín, kí ẹ jókòó pẹ́. Ìyá mi ní kí n fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ tètè lọ, kí ó wá irọ́ tirẹ̀ pa.