Lẹ́tà Àyàndélé Tí Mo Gbé Pamọ́

Àyàndélé, má tíì dìde. Ràhmát ìyàwó mi, ìwọ náà jókòó, má sọ pé kí n sinmi. Dókítà ti sọ ibi tí àìsàn kíndìnrín yìí bá mi dé, mi ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ọdún 2001 ni omi ya wọ ilé yín ní Ajégúnlẹ̀, tó o di àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ sínú ọ̀rá, tó o gbé e wá sí yàrá mi ní Alápẹ̀rẹ̀. Yàrá yẹn náà la wà tá a fi rí i nínú ìwé ìròyìn pé yunifásítì kan ń wá òṣìṣẹ́ láàbù. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní kí kálukú mú wá. Ìwọ lo dúró nínú oòrùn ní Kétu, tó o ṣe fọ́tò kọ́pì ti àwa méjèèjì. Wọ́n tún ní kí olùkọ́ tó mọ̀ wá kọ lẹ́tà nípa wa, kó sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá dé, wọn ò ní pè é. Dókítà Akínbíyì tó kọ́ wa ní pólì kọ méjì, wọ́n kó méjèèjì lé mi lọ́wọ́, torí o ti lọ ru irin ní Owódé Onírin lọ́jọ́ náà.

Èmi ìkà. Mo dé ọ́fíìsì wọn, mo fi ìwé àwa méjèèjì àti lẹ́tà tèmi sílẹ̀, mo mú lẹ́tà tìrẹ padà wálé. Mo rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbà, èsì ìdánwò rẹ sì dáa ju tèmi lọ. Nígbà tó o bi mí, mo ní mo ti fún wọn. O ní Ọlọ́run á san án fún mi. Mo ṣe àmín, ẹnu mi yìí náà ni.

Èmi nìkan ni wọ́n pè fún íńtáfíù. O ò bínú. Ìsàlẹ̀ bàtà mi ti lu, lo bá bọ́ tìrẹ fún mi, o tún nù ún kó máa dán. Òun ló wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí ìyá àgbà kan láàárín àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò gbé fáìlì kejì. Wọ́n ní èèyàn méjì làwọn ń wá, pé ìwé ẹni yìí dára gan-an, lẹ́tà olùkọ́ rẹ̀ nìkan ni ò dé. Wọ́n ní, "Àdírẹ́sì kan náà lẹ kọ. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Lẹ́tà náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ǹ bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n sáré lọ mú un wá. Mo wo bàtà ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Rárá o, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ohun tó ń pa mí nìyẹn, kì í ṣe kíndìnrín. Ààyè wà fún àwa méjèèjì. Irin lò ń rù títí dòní, irin ló gé ìka rẹ méjì. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó o bá wá kí mi lo máa ń ní tí wọ́n bá tún fẹ́ gba èèyàn níbi tí wọ́n gbà mí sí, kí n rántí ẹ.

Ràhmát, wo abẹ́ ìrọ̀rí yìí, mú lẹ́tà náà fún un. Mi ò tú u rí. Bàtà rẹ náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò lè wọ̀ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Dárí jì mí, Àyàndélé, tó o bá lè ṣe é. Tí ò bá ṣeé ṣe, tú lẹ́tà yẹn, kó o kà á sókè, kí n lè gbọ́ ohun tí mo jí.